Dẹrẹ́bà Tí Kò Ní Bọ́ì

Ní gáréèjì Ìyànà Ìpájà ní Èkó, kò sí ọkọ̀ tó ń dá lọ. Kí dẹrẹ́bà tó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀, agbèrò ti pe Ìlọrin àti Jẹ́bà títí ohùn rẹ̀ fi ha, akọ̀wé ti ń gba orúkọ èrò sínú ìwé, ìyá alágbo ti na ìgò gba ojú fèrèsé wọlé. Oníwàásù tí ẹnikẹ́ni kò pè á dìde láàárín ọkọ̀, á fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì fa oògùn aràn yọ nínú báàgì kí àmín tó tán lẹ́nu èrò. Bí ọkọ̀ bá wá kọrí sọ́nà, gbogbo èrò ló di ọ̀gá dẹrẹ́bà. "Dẹrẹ́bà, ẹ rọra o, a lọ́mọ nílé!" "Dẹrẹ́bà, ṣé ẹ ò máa sùn?" "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ fẹ́ tọ̀." Mo gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú mi, mo sì máa ń fèsì pẹ̀lú ìbínú. Ìgbà tí mo dé ibi tí kò ti sí ohùn ẹnikẹ́ni ni mo tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń bá mi ṣe.

Nínú gbogbo àwọn tó ń bá ọkọ̀ rìn, bọ́ì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára jù, torí òun ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Láyé lọ́rì onípákó tí à ń pè ní bọ́lẹ̀kájà, títí wọ ayé tírélà, kò sẹ́ni tó ń di dẹrẹ́bà láìṣe bọ́ì. Bọ́ì ló ń fi igi há táyà bí ọkọ̀ bá kú sórí òkè. Òun ló ń wá omi fún rédíétọ̀, òun ló ń ṣẹ́ ewé sójú títì lẹ́yìn ọkọ̀ tó bàjẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ má baà kọ lù ú. Abẹ́ ọkọ̀ ló ń sùn, ẹ̀yìn ọ̀gá ló ń jẹun, ó sì ń gba ìfọ́tí tí kò jẹ gbèsè rẹ̀. Bí ó bá fọwọ́ gbá ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá á dúró. Bí ó bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá á máa lọ láìbojú wẹ̀yìn. Ẹ rò ó wò: àgbàlagbà tó ní láísẹ́ǹsì gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti èrò lé ọwọ́ ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀, tó ń gbá páànù. Kò sí ìwé àdéhùn kankan láàárín wọn.

Ọ̀gá tèmi ti ń wakọ̀ kí Nàìjíríà tó kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ó máa ń sọ pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ẹnu bọ́ì òun ni òun fi wakọ̀. Oríta kan ò sí tí ọmọ náà kò ti ké "ọ̀tún, ọ̀gá, ọ̀tún!" torí ọwọ́ tí òsì ti mọ́ lára kì í gbọ́ òfin ìjọba lóòjọ́. Ọ̀gá mi kì í fẹnu kọ́ni níṣẹ́. "Ẹsẹ̀ mi ni kí o máa wò," gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì, ní àwọn kọ́nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè níbi tí títì ti ń lọ́ mọ́ òkè lára, títí ẹsẹ̀ tèmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohun tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo bá jókòó lásán. Gbólóhùn kan péré ló máa ń tẹnu mọ́: jíà tí o fi gun òkè ni kí o fi sọ̀ ọ́.

Nígbà tó yá, mo di ará Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Houston, Atlanta àti Maryland ti ń jẹun nídìí tírélà lónìí. Wọn kì í ṣe bọ́ì níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdánwò, láísẹ́ǹsì, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́ tó ń wo aago, ó parí. Wọ́n á fa ọkọ̀ tó lè wúwo tó 80,000 pọ́n-ùn, nǹkan bí 36,000 kílò, lé èèyàn lọ́wọ́, wọ́n á ní ó dàbọ̀. Ẹni tó ń dá wà á ni wọ́n ń pè ní sólò. Bí ẹni méjì bá jọ ń gbà á fún ara wọn, tíìmù ni. Iye máìlì ni wọ́n fi ń ka owó. Ọ̀pọ̀ nínú wa yan sólò, torí pípín ni owó tíìmù, àti pé ta ni yóò bá ẹni tí kò mọ̀ rí, tó ń hanrun, pín ibùsùn ẹ̀yìn ìjókòó?

Ibi tí sólò ti ń di sólò pátápátá ni ilẹ̀ ọ̀gbun àpáta ní ìhà ìwọ̀-oòrùn wọn, ní Utah àti Arizona. Ẹni tó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ 70 kúrò ní Denver yóò kọ́kọ́ gun òkè dé ihò Eisenhower, tí wọ́n gbẹ́ la inú òkè já níbi tó ga ju 3,300 mítà lọ, tí wọ́n sì ṣí ní 1973. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gbun Glenwood, níbi tí odò Colorado, ojú irin àti títì ti jọ ń fún ara wọn mọ́ àárín ògiri àpáta méjì. Ó di 1992 kí títì ibẹ̀ tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀ gbẹ. Igi tán, koríko fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èèyàn á dé Green River, ìlú kékeré kan tí wọ́n ti ń gbin bàrà olómi, irú èyí tí àwọn Hausa ń kó wá sí ọjà Ìkọ̀tún. Níbẹ̀, pátákó ń kìlọ̀ pé kí onímọ́tò ra epo kó tó kọjá. Pátákó kò purọ́. Láti Green River dé Salina, nǹkan bí 177 kìlómítà, kò sí ilé epo, kò sí búkà, kò sí abúlé. Ọdún 1970 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà. Kí wọ́n tó fi dáńámáìtì fọ́ àpáta ibẹ̀, ojú ibì kan há nínú ọ̀gbun tí wọ́n ń pè ní Spotted Wolf débi pé ẹni tó bá na apá méjèèjì lè fọwọ́ kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ojú títì mẹ́rin ló gba ibẹ̀ lónìí.

Ará Ìgàndó ni mí. Òkè kan ṣoṣo tí a mọ̀ ládùúgbò wa ni òkè ààtàn Sólúọ́sì, tí ìdọ̀tí Èkó kọ́ fún wa. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 èèyàn sí Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa, lórí ilẹ̀ tí kò tó 200 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní iye náà kéré, pé a lé ní mílíọ̀nù méjì. Ẹ wá wo ilẹ̀ àwọn Navajo, tó gba Arizona, Utah àti New Mexico já: ó ju 70,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, àwọn tó sì ń gbé orí rẹ̀ kò tó 200,000. Ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, àmọ́ ojú tèmi kò tíì rí òkun. Ọjà Ìkọ̀tún ló mọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwọn àpáta yẹn, pupa bí ilẹ̀ Ìkọ̀tún tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí wọ́n dúró gàgàrà láìsí ẹni tó ń ta nǹkankan lábẹ́ wọn, ara mi bù máṣọ. Mo ń wá ẹni tí yóò pè mí kí n wá ra búrẹ́dì.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní gáréèjì, òfin ni òwe yẹn. Dẹrẹ́bà tí kò lè pariwo kò lè gba àyè lójú títì, kò lè gba owó lọ́wọ́ èrò, kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Aṣálẹ̀ yí òwe náà dà. Níbẹ̀, ẹni tó ń pariwo gan-an ni tara rẹ̀ ń bá dákẹ́, torí ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀, òun kò sì gbọ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ lórí fóònù, tí mo sì pa rédíò, mo máa ń gbọ́ ohun tí mo ti gbé kiri lábẹ́ ìjókòó láti ọjọ́ pípẹ́ láìgbọ́: bí ohùn táyà ṣe ń yí nígbà tí oòrùn bá ti yan títì, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń wá èémí kí ojú tó rí òkè, bí atẹ́gùn ṣe ń ti ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí ògiri àpáta bá ti já lójijì. Gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́nà Mọ́kwá sí Kòǹtàgòrà pẹ̀lú. Ariwo wa ló bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà n kò ní sọ pé ìdáwà kò dára. Ó fún mi ní etí tí gáréèjì kò lè fún mi. Àmọ́ ó ní ohun tó ń gbà. Èèyàn á máa bá ara rẹ̀ jiyàn láàárín àpáta, á borí ara rẹ̀, inú á tún bí i.

Òkè sísọ̀ ni ìdánwò. Láti orí àpáta San Rafael, ọ̀nà 70 ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sápá Green River. Wọ́n la ọ̀nà àsálà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n da òkúta wẹẹrẹ kún inú rẹ̀, fún tírélà tí bíréèkì rẹ̀ kò bá mú mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ọ̀gá mi. Ó ti lọ bá àwọn àgbà tipẹ́, kò sì gbọ́ orúkọ Utah rí láyé rẹ̀. Ibi tó jìnnà jù tó dé ni Màídúgùrì. Ṣùgbọ́n bí imú ọkọ̀ bá ti kọjú sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń bẹ nínú bàtà mi. Ìwé ilé-iṣẹ́ ń kọ ọ́ pé ẹnì kan ló wà nínú ọkọ̀. Kò yé àwọn tó kọ ọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí a jọ ṣiṣẹ́, ọmọ tiwa, ó mọ ìwé ju gbogbo wa lọ. Ó lè ka òfin ojú títì lórí bí ọmọ kéwú ṣe ń ka wàláà. Lọ́jọ́ kan ó ń sọ̀ ní irú òkè bẹ́ẹ̀, ó tẹ bíréèkì láti òkè délẹ̀, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, bíréèkì kò sì mú mọ́. Orí rẹ̀ kò gbàbọ̀dè: ó rántí ojú ọ̀nà àsálà, ó wọ inú òkúta wẹẹrẹ, ọkọ̀ rì dé ìdajì táyà, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Ohun tó sọ fún mi nígbà tó délé ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó sọ fún mi." Wọ́n sọ fún un. Ó wà nínú ìwé, tàwòrán-tàwòrán. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni kò rí wò. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjà tí ọmọ yẹn ná, wọn kò jẹ́ kí àgbà wọ̀ ọ́.

Bí mo bá sọ èyí nílé, àwọn ẹgbẹ́ mi á mi orí, wọ́n á ní mo ti gbè wọ́n: àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà, bí ọká bá ṣáájú, tí pàmọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, ta ni yóò dúró? Wọ́n ti fi òwe yẹn so ọ̀pọ̀ ọmọ mọ́lẹ̀. N kò gbè wọ́n. Ẹnu tó pa òwe ejò náà ló pa èkejì, pé àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ wo Ọlábísí Àjàlá. Kí Ebenezer Obey tó dá orúkọ rẹ̀ lórin, kí òun fúnra rẹ̀ tó gun alùpùpù káàkiri ayé láti 1957, ó ti wọ agbádá gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní 1952, ọ̀nà tó lé ní 3,600 kìlómítà. Ó sì ṣòro kí èèyàn ti ìhà ibẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ wọ Los Angeles kí ó má la aṣálẹ̀ kọjá. Ní 1966, Newton Jibunoh wa ọkọ̀ láti London, ó la Sàhárà já wálé. Ní 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London wọ Èkó, láti kó owó àti ohùn jọ lórí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ní 2024, Pẹ̀lúmi Núbì, ọmọbìnrin, wa Peugeot kékeré kan láti London, ó gba Morocco àti aṣálẹ̀ Mauritania, ó ní ìjàǹbá ọkọ̀ ní Côte d'Ivoire, ó gba ìtọ́jú, ó tún gbéra, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin. Bí ó bá ṣe pé òwe ejò nìkan la ní, ta ló máa jáde nílé?

Ohun tí mo rí nínú ìtàn wọn ni pé ìdáwà kọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹni tó wọ agbádá gun kẹ̀kẹ́ ní Amẹ́ríkà ìgbà yẹn mọ̀ dájú pé kò sí ìlú tí òun máa wọ̀ tí wọn kò ní tú jáde wòran. Èrò ló ń kó jọ. Ti Núbì tún yàtọ̀: àìmọye èèyàn ló ń tẹ̀lé e lójú fóònù láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, tí wọ́n ń sọ fún un pé kó rọra, kó sinmi, kó má wakọ̀ lóru. Mo ka díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn, mo sì rẹ́rìn-ín. Èrò Ìyànà Ìpájà ni gbogbo wọn.

Àwọn tó ni aṣálẹ̀ gan-an kì í dá rìn. Lórí ilẹ̀ Navajo, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní omi ẹ̀rọ títí dòní. Táǹkì ni wọ́n ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ lọ pọn omi lọ́nà jíjìn, gẹ́gẹ́ bí àwọn mẹ́ruwà wa ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri àdúgbò tí kò ní kànga ẹ̀rọ. Ọjọ́ kan ní ìlú Kayenta níbẹ̀, mo ń ra dísẹ́ẹ̀lì, bàbá arúgbó kan sì ń rọ omi sínú táǹkì rẹ̀. Oòrùn mú ganrínganrín lórí wa. Bàbá náà fi ètè júwe ìkùukùu kékeré kan tó jìnnà réré, ó ní kí n má tíì lọ títí ìyẹn yóò fi tán. Kò béèrè orúkọ mi, kò sì béèrè ibi tí mo ti wá. Ní ilé wa, ìyá arúgbó lè fi ètè júwe ilé fún àlejò bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, torí náà mo gbọ́ tirẹ̀. Mo dúró. Nígbà tí mo gbéra, ẹrẹ̀ pupa ti bo ibi tí títì ti rẹlẹ̀ níwájú, omi sì ti kọjá.

Bí omi ṣe ń pààyàn nínú ọ̀gbun nìyẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, arìnrìn-àjò 11 ló kú nínú ọ̀gbun Antelope lẹ́bàá ìlú Page. Òjò náà kò rọ̀ lórí wọn. Ibi tó jìnnà ló ti rọ̀, tó wá fi omi ránṣẹ́. Nígbà tí ìròyìn Mọ́kwá dé ní ìparí oṣù Kárùn-ún ọdún 2025, pé òjò òru kan ti sọ ìlú di odò, tí èèyàn tó lé ní 150 sì ti bá a lọ, ọkàn mi ṣí lọ sí Kayenta. Mọ́kwá ni gbogbo awakọ̀ òkè ọya ti ń jẹun. Mo mọ ìyá tó ń ta tùwó níbẹ̀, tó mọ dẹrẹ́bà kọ̀ọ̀kan nípa ọbẹ̀ tó ń bù. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni bàbá tó ni táǹkì yẹn. Fóònù lè sọ fún èèyàn pé òjò yóò rọ̀. Kò lè wo ojú rẹ̀ kó mọ̀ pé àlejò ni.

Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ dẹrẹ́bà náà wà lọ́hùn-ún o. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí tírélà máa gbé ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí: wákàtí 11 ni dẹrẹ́bà lè fi wakọ̀ láàárín wákàtí 14, lẹ́yìn ìsinmi wákàtí 10. Òfin rere ni. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tó kú sọ́nà Ọ̀rẹ́ torí kò sí irú rẹ̀ nílé wa, torí alága àti olówó ọkọ̀ kò ka oorun dẹrẹ́bà sí nǹkankan. Ṣùgbọ́n mo mọ ọkùnrin kan tí ẹ̀rọ sọ pé ó ti sinmi wákàtí 10. Wákàtí 10 yẹn ló fi sunkún ìyá rẹ̀ tó kú nílé, tí kò ní rí sin. Iná ẹ̀rọ tan àwọ̀ ewé, ó gbéra.

Ẹ jẹ́ kí n fi bọ́ì kan tí mo mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn. Àwa tírélà méjì la jọ sùn sí Mọ́kwá lóru kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá ọmọ náà fẹ́ ṣí ọkọ̀, ọmọ náà ní òun kò rí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá fọ́ ọ létí. Ó ní òun kò rí i. Ọ̀gá tún fọ́ ọ létí. Àṣé ọmọ náà ti rí i pé ẹnu ọ̀gá ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ìgbà tó ti ń fọ eyín, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó sì ti ri kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú ìrẹsì tó kù nínú ìkòkò. A gbé ọkùnrin náà dé ọsibítù. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀. Ó yè é, apá rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ó sì san owó láísẹ́ǹsì ọmọ náà nígbà tó tó àkókò. Bí wọ́n bá ní dẹrẹ́bà Utah ní ìtura ju ti Mọ́kwá lọ, n kò ní jiyàn. Kí wọ́n ṣáà sọ fún mi ẹni tí yóò gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pa mọ́.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ló ti di sólò. Mo padà sí Ìgàndó, mo rí i pé sólò ti dé ṣáájú mi. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, àwọn ọmọ tó ń fi fóònù gbé èrò ń dá jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń tẹ̀lé ohùn obìnrin kan tó ń ní kí wọ́n yà sí òsì. Èrò tó bá jókòó sẹ́yìn ti ki nǹkan bọ etí, kò sẹ́ni tó ń kí ẹnìkan. Nínú bọ́ọ̀sì BRT, káàdì ti gba iṣẹ́ kọ̀ndọ́. Ọmọ tó yẹ kó máa ṣe bọ́ì ti gun ọ̀kadà. Nígbà tí ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, Alímọ̀ṣọ́ kò sí lára wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dà yàlàyàlà lójú ọ̀nà Ìkọ̀tún sí Ìgàndó. Ìrọ̀lẹ́ kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kọ́ ọ, lórí pápá, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó kọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, sólò ni. Ẹ lọ béèrè ní ọsibítù eegun ní Ìgbóbì.

Mo mọ̀ pé bọ́ì jìyà. N kò sọ pé kí ọmọ ẹlòmíràn lọ máa sùn sábẹ́ tírélà nítorí kí ó lè mọ iṣẹ́. Ìfọ́tí kì í kọ́ni ní jíà. Ohun tí ń dùn mí ni pé nígbà tí a ń ju ìyà náà nù, a ju ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dẹrẹ́bà nù mọ́ ọn, ìjókòó tí èèyàn ti lè rí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn fún ọdún bíi mélòó kan kí ó tó fi tirẹ̀ sí i. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí kò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni rí, ọgbọ́n ta ni yóò mú wọ aṣálẹ̀?

Ọmọbìnrin kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá tó ń múra àtilọ kàwé ní Arizona. Ó ti rí àwọn àpáta náà lójú fóònù títí ó fi mọ orúkọ wọn jù mí lọ. Ó wá bá mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ dá wakọ̀ gba gbogbo ibẹ̀ já. Èmi nìkan. Ẹ má sọ fún màámi." Ìyá rẹ̀ ti mọ̀, ó sì ti wá bá mi ṣáájú, pé kí n bá òun fi òwe ejò dẹ́rù bà á. N kò fi dẹ́rù bà á. Mo ní kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkan. Ọkùnrin kan tí a jọ ṣe bọ́ì ṣì ń kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò lọ sí Ìlọrin, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣòwò iṣu. Mo ní kí ó bá wọn lọ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ tó bá rí àyè, kí ó má fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó máa wo ẹsẹ̀ bàbá náà. Ó rò pé ẹ̀gàn ni mo ń fi í ṣe. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó padà dé pẹ̀lú iṣu àti èéfín lára, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó tún lọ.

Ó ti ń lọ láti ìgbà náà. Ọkùnrin náà sọ fún mi pé ó ti ń gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín táyà tó rọ̀ àti èyí tó le, pé ó sì ti ń bá òun jiyàn lórí jíà nígbà tí wọ́n bá ń bọ́ sílẹ̀ ní òkè kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, àti pé nígbà míì òun ló jàre. Ìyá rẹ̀ ṣì ń bínú sí mi. Ó ní òun rán mi pé kí n dá ọmọ dúró, mo lọ sọ ọ́ di bọ́ì mọ́tò.